Tẹnísì Ẹ̀gbọ́n Mi àti Bọ́ọ̀lù Oníyẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní eré bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sí nídìí, nínú ọgbà àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí àwa méjèèjì ti ń ṣe tíṣà. A ó so okùn mọ́ igi méjì, a ó sì máa fi rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ ta bọ́ọ̀lù náà síra wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òfin rẹ̀ kò le: kò gbọdọ̀ balẹ̀. Bó bá ti balẹ̀, ó parí.

Nígbà tí wọ́n lu ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀ Òkè Mápó fún tẹnísì, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú àwa tíṣà. Òun la yàn pé kó bá wa dojú kọ àwọn akọ̀wé ìjọba nínú ìdíje ọdún náà. Àìsàn àyà ló dá a dúró. Ikọ́ tó mú un nígbà ọyẹ́ kò lọ, ó sì ń rù sí i. Ó pè mí sí iyàrá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnká, ó ní èmi ni kí n gba ipò òun, òun fẹ́ rí i kí òun tó lọ. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó na rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi.

Mo rò pé ẹni tó mọ ti oníyẹ̀ẹ́ ti mọ tẹnísì. Irọ́ ni. Ojú mi yá, ẹsẹ̀ mi yá, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ mi ń jù fìrìfìrì bí ẹni ń lé eṣinṣin, bọ́ọ̀lù tó wúwo náà sì ń há sínú àwọ̀n. Èyí tó burú jù ni pé mi ò lè jẹ́ kó balẹ̀. Àní èyí tó ń lọ sẹ́yìn ìlà, tí ì bá di èrè mi bí mo bá fi sílẹ̀, màá fò mọ́ ọn. Eré oníyẹ̀ẹ́ nìkan kọ́ ló fà á. Ìyá wa kọ́ wa pé ohun tí àgbà bá jù sí ọmọdé, ọwọ́ méjèèjì la fi ń hán an, a kì í jẹ́ kó kan ilẹ̀. Àgbààgbà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá mi dánra wò. Mò ń hán bọ́ọ̀lù wọn bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga, ó fi aṣọ bora nínú oòrùn. Ó ní kí n súnmọ́ òun.

"Àbúrò, èyí kì í kú tó bá balẹ̀. Jẹ́ kó balẹ̀ ná, yóò dìde wá bá ọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń rí àgbà fín ni."

"Jẹ́ kó balẹ̀."

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀mejì ni wọ́n dúró sinmi kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí igi lẹ́bàá pápá, nítorí ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn gba òkè bọ̀, gbogbo ara mi fẹ́ fò. Mo káwọ́ dúró. Ó balẹ̀ lẹ́yìn ìlà, a sì borí. Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ju ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fìrì, bí a ti ń ṣe nínú ọgbà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Kí àgbàdo tuntun tó jáde, a ti sin ín.

Mo gba tẹnísì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọrùn ọwọ́ mi sì gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi gbé àwọn rákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ wa àtijọ́ jáde, ó ní kí n kọ́ òun. Ó ta bọ́ọ̀lù sí mi. Apá mi dúró, ó ń retí kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kó sì dìde bíi ti tẹnísì. Oníyẹ̀ẹ́ náà balẹ̀ níwájú mi, ó sì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní kí n bá òun mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, omijé ò jẹ́ kí n rí i.