Patanmọ́ àti Oorun Ìyàwó Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pa pọ̀, ìyàwó mi sọ fún mi pé òdì ni mo wọ súwẹ́tà mi. Orí ìrọ̀rí ló wà ní ọsibítù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú náà kì í rí.

"Tíṣà," ó ní, "òdì lẹ wọ aṣọ yẹn o. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wọ tíréènì dé ibí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún yín?"

"Ṣìkágò la wà. Ta ni yóò sọ fún mi?"

Ó ní kí n tètè bọ́ ọ, kí nọ́ọ̀sì má baà wọlé kó gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì dípò òun. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà yọ orí ni nọ́ọ̀sì wọlé lóòótọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún dé egungun. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú títí ìrora náà fi rọlẹ̀.

Jẹjẹrẹ ló wà nínú egungun rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó sùn. Abẹ́rẹ́ wà tó lè mú ìrora náà lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ọpọlọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Bó bá ti gbà á tán, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí ni yóò máa sọ, kò sì ní mọ ohun tó ń kà. Nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń gbà, ìyẹn kò sì tó gbé e sùn. Ní gbogbo àsìkò tó kẹ́yìn yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kó sùn, kó jí, kó sì ṣì jẹ́ òun. N kò tilẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn mọ́. Oorun ni mo ń tọrọ.

Onímọ̀ kẹ́mísìrì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó wà nínú ewé, egbò àti èèpo igi: èyí tó mú un korò, èyí tó ń wo ọgbẹ́ san, èyí tó lè pani. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èdè Faransé ní apá gúúsù ìlú, lọ́nà Olympia Fields. Láàárín àwọn ọdún 1980, bí a ti ń gbé irú ayé tí gbogbo ará ilé ń gbé ní Ṣìkágò, ṣíìfù, bíìlì, fóònù sí ilé tí kì í wọlé, a ní iṣẹ́ kan tí a máa ń ṣe lórí tábìlì ìdáná wa lọ́jọ́ Sátidé. Obìnrin ará Fiẹtnámù kan ló gbé iṣẹ́ náà wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni obìnrin yìí. Ó ti kọ́ àwọn dókítà àti àwọn apoògùn ní ìlú rẹ̀ kí ogun tó lé e kúrò, lábù kan náà ni òun àti ìyàwó mi sì wà. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan tó ń gbé ní Párísì máa ń bá a wá ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ Fiẹtnámù lórí egbòogi, ìwé tí kò sí ní ilé ìkàwé wa nítorí pé ìjọba ibí àti ti Fiẹtnámù ṣì ń di kùnrùngbùn síra wọn. Yóò kà á ní èdè rẹ̀, yóò sọ ọ́ fún mi ní Faransé, èmi yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó mi yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kẹ́mísìrì rẹ̀ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dúró, èmi ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi.

Òun ló sọ fún wa pé nínú èdè wọn, ènìyàn kò lè ṣàdédé sọ pé "èmi" àti "ìwọ". Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i! Ọmọlúàbí ni wọ́n!"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀ kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábù wọn, tòun ti kóòtù funfun, tí àwọn òyìnbó yóò máa rò pé kọ́kọ́rọ́ ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Òun náà ń pe ìyàwó mi ní àbúrò, ó sì ń pe èmi ní ọkọ àbúrò mi.

Ní ọjọ́ kan a kan ewé kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn túmọ̀ sí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ìyàwó mi wo àwòrán rẹ̀, ó pariwo.

"Imí eṣú nìyí o! Imí eṣú là ń pè é nílé."

Ẹ̀gbọ́n gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Eṣú? Kòkòrò? Báwo ni imí rẹ̀ ti tóbi tó tí ẹ fi rí i?"

"Ẹ̀yin tí ẹ rí ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sọ ewé yìí lórúkọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi tíì fi gbẹ lórí iná. Irú Sátidé tí a máa ń ní nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn dé, iṣẹ́ Sátidé kò dúró. Ó kàn kó kúrò lórí tábìlì ìdáná lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìyàwó mi ló ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú ọpọlọ lọ. Ìgbà yẹn gan-an la dé orí patanmọ́.

Ta ni kò mọ patanmọ́ nílé? Gbogbo wa la ti fọwọ́ kàn án rí lọ́nà ilé ìwé, tó pa ewé rẹ̀ dé bí ìyàwó tuntun tó rí bàbá ọkọ rẹ̀. Ó wà ní ilẹ̀ Fiẹtnámù náà, wọ́n sì ń pè é ní ewé onítìjú. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ènìyàn òun ń sè é fún ẹni tí oorun kò kùn, àwọn onímọ̀ wọn sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lára eku, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń múni tòògbé. Mo kọ èyí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí mo ti ń kọ àwọn yòókù.  Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, kò sùn láti àná, ó ń bi Ẹ̀gbọ́n pé omi ni wọ́n fi yọ oògùn inú ewé náà ni àbí ọtí.

Mo wọ tíréènì lọ sí apá àríwá ìlú, níbi tí àwọn ará Fiẹtnámù ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí lẹ́bàá adágún. Mo ti kọ orúkọ ewé náà bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti àmì ìdí rẹ̀. Yorùbá kì í fojú di àmì. Bàbá tó ń tajà wo ìwé náà, ó wò mí.

"Ta ni kò rí oorun sùn?" ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ìyàwó mi."

Ó bu ewé gbígbẹ sínú ọ̀rá, ó tún bu díẹ̀ lé e.

Lábù ni mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó bá mi sè é, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, kó má sì sọ fún àbúrò rẹ̀. Ó da ewé náà sórí ìwé funfun lábẹ́ iná, ó ń fi ìka ṣà á.

"Èyí jọ ọ́," ó ní. "Èyí náà jọ ọ́. Èyí, n kò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ènìyàn yín ń mu ún."

"Wọ́n ń mu ún. Ìyá mi mu ún. Ṣùgbọ́n oògùn ọsibítù kò tíì ba ẹ̀dọ̀ ìyá mi jẹ́ nígbà tó mu ún. Bí mo bá fún àbúrò mi ní ohun tí n kò mọ̀, tí kò sì jí, kí lẹ ó sọ fún mi?"

"Bí kò bá sùn ńkọ́?"

 Ó ń kó ewé náà padà sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, àní èyí tó ti rún. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga gíga tí wọ́n máa ń lò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Ọkọ àbúrò mi, mo ti rò ó kí ẹ tó rò ó."

 Kò sí ẹni tó mọ ewé náà tó àwọn obìnrin méjèèjì yìí ní gbogbo ìlú náà, ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe nǹkan kan. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan ni mo ń fẹ́ ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n sọ fún ìyàwó mi. Ó ní òun kò lè fi irú rẹ̀ pamọ́ fún àbúrò òun. Nígbà tí mo dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ti ń dúró dè mí.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ti di eléwé ọmọ."

Mo jókòó.

"Ṣé eku ni mo jẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ kó o sùn."

"Mo mọ̀." Ó na ọwọ́. "Ẹ mú un wá kí n rí i."

Mo yọ ọ́ nínú àpò kóòtù mi. Ó tú ọ̀rá náà, ó gbé e sí imú, ó dijú. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n òórùn ló ń gbọ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti fò lọ tipẹ́. Ó ní ká tilẹ̀ ní tuntun ni, òun kò ní mu ún, nítorí bí òun bá mu ohun tí òun kò tíì yẹ̀ wò, kí ni òun wá fi gbogbo ọjọ́ ayé òun ṣe? Ó dá ọ̀rá náà padà fún mi.

"Ẹ má bínú," ó ní. Èmi ló ń bẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka ibi tí a dúró sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn yẹn, Ẹ̀gbọ́n wá bá wa. A ka ojú ìwé kan pa pọ̀. Ìyàwó mi ṣe àtúnṣe níbì kan, ó ní ohun tí mo kọ yóò jẹ́ kí ilé jóná bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ ṣí ojú ewé kejì, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì. Ẹ ní kó fún mi ní èyí tó tó."

Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Tíṣà, ó ti rẹ̀ mí."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n bóyá yóò sọ nǹkan. Ó ti ń ká ìwé. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mú ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ sí itan, ó ń rọra fọwọ́ pa á, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn, èyí tí ìyàwó mi kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ. Kò pẹ́ tí ojú ìyàwó mi fi tú ká. Ìlà iwájú orí rẹ̀ tí n kò tíì rí kó kúrò láti oṣù púpọ̀ kúrò. Ó ń hanrun díẹ̀, bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Inú mi dùn. N kò lè purọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í bí ẹni tí Ọlọ́run dá lóhùn, mo ń gbọ́ ọ bó ti ń hanrun. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, èémí rẹ̀ ti ń jìnnà síra. Kò jí mọ́.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa, tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú wọn, wá láti Skokie àti Naperville wá wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin gbé e, wọ́n kírun sí i lára. Ẹnìkan wa mọ́tò fún mi, ẹnìkan di apá mi mú. Wọn kò fún mi ní iṣẹ́ kankan. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kú, wọn ì bá ti sọ fún un ibi tí yóò jókòó sí, irú aṣọ tí yóò wọ̀, iye oṣù tí yóò fi ṣọ́ ilé. Wọn kò ní nǹkan kan fún ọkùnrin. Àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n mú ọkàn le, Ọlọ́run yóò pèsè òmíràn. Mo ní àmín, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń sọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí ilé dá, Ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó wo gbogbo pálọ̀, bíi pé ó ń wá nǹkan.

"Níbo lẹ máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí?"

Mo ní a kì í gbé oúnjẹ fún òkú.

"Kì í jẹun?"

"Kì í jẹun."

"Ẹ̀yin náà kò jẹun."

"Mi ò jẹun."

"Ta ló wá ń jẹun nínú ilé yìí?" ó ní, ó sì gbé abọ́ náà sí iwájú mi, ó dúró títí mo fi jẹ díẹ̀.

Kó tó lọ, ó rí ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí àga gígùn, ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ń sùn. Ó yọjú sí yàrá. Àwọn obìnrin ti ká gbogbo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wa lọ fọ̀, wọ́n sì kó o padà sórí rẹ̀ ní kíká.

"Ṣé kí n bá yín tẹ́ ẹ?"

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi sílẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, mo wọ yàrá lọ. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ní rọ́bà ní igun ni. Iṣẹ́ ẹni méjì ló ti máa ń jẹ́, òun lápá orí, èmi lápá ẹsẹ̀. Mo fi igun kan bọ ibùsùn, mo lọ sí èkejì. Bí mo ṣe fà á, ti àkọ́kọ́ ta yọ. Mo padà. Mo fi orúnkún tẹ ọ̀kan, ọwọ́ mi kò dé èkejì. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sí pálọ̀, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè Faransé tó tóbi jù lọ wá, mo gbé e lé igun kan, mo gbé ti Gẹ̀ẹ́sì lé òmíràn, mo sì rìn yí bẹ́ẹ̀dì náà ká lọ sí apá kejì. Aṣọ náà hun jọ láàárín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwọn ìwé náà kúrò, gbogbo igun rẹ̀ ló mú.