Téèpù Bàbá àti Ìwé Ìwọ̀n

Patience Ògúntádé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olúwadára, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, aránṣọ ní Trikania ní Kaduna, parí ẹ̀wù kẹrìnlélógún fún àwọn akọrin ìjọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ó ká a, ó gbé e lé orí àwọn yòókù, ó sì jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀wù àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì í.

Kàbà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ń rán ẹ̀wù akọrin fún ọ̀pọ̀ ìjọ níbẹ̀, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí bàbá kú ní 1998, Patience ti lo ọdún mẹ́ta ní Kaduna. Àwọn àgbà ẹbí pín ogún bí wọ́n ṣe máa ń pín in: irinṣẹ́ jẹ́ ti ọmọ tó mọ iṣẹ́, ìwé ilẹ̀ àti gbogbo ìwé ilé jẹ́ ti àkọ́bí. Patience gba àpótí irinṣẹ́: àlùmọ́gàjí ńlá, áyọ́ọ̀nù eléèédú, àti téèpù kan tó ti gbó. Olúgbénga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, kó àwọn ìwé. Kò sẹ́ni tó ya ìwé tí bàbá ń kọ ìwọ̀n ẹ̀wù sí sọ́tọ̀. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí onírin.

Ìwé yẹn ni Patience ń fẹ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ẹ̀wù akọrin wà, láti orí ti ọmọdé dé ti àgbàlagbà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tí bàbá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní ní Kaduna, tí òun bá ti jáde nílé, Hausa ni òun ń sọ títí di alẹ́. Bí òun bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá, yóò dà bí ẹni pé ó ń bá òun sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fún un.

"Ìwé bàbá kì í kúrò nílé. Nígbà ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 ní Kaduna, kí ló ṣẹ́ kù fún ọ nílé tó o ń gbé ní Ungwan Shanu?"

"Àpótí irinṣẹ́ bàbá ṣẹ́ kù, ẹ̀gbọ́n mi. Orí ni mo gbé e sí tí mo fi sá."

"Orí kan náà lo tún fẹ́ gbé ìwé sí?"

Wọn a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀.

Ní ọdún 2024 yìí, ìjọ ní kó rán ẹ̀wù tuntun fún àwọn akọrin. Olúgbénga gbà láti ka ìwọ̀n náà fún un lórí fóònù. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí olùkọ́ níwájú kíláàsì, Patience ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi téèpù tuntun rẹ̀ wọn aṣọ, ó rán ọ̀kan, ó sì ránṣẹ́ pe Ephraim, olórí akọrin, kó wá wọ̀ ọ́ wò.

Ọrùn ẹ̀wù náà yọ̀ bọ́ sí èjìká. Apá rẹ̀ bo ìka mọ́lẹ̀.

"Haba, Ìyá Olúwadára," ni Ephraim wí, ó ń wá ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé èmi nìkan lẹ rán an fún, àbí èmi àti gbogbo olóhùn ìsàlẹ̀?"

"Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo dúró. Ẹ̀wù ni kò dúró."

Patience pe Kàbà. Olúgbénga tún ìwọ̀n náà kà. Nǹkan kan náà ni. "Ohun tí bàbá kọ ni mo kà," ló wí. "Bóyá ọwọ́ rẹ ló ti gbàgbé iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó mọ̀ pé bí òun bá ba aṣọ ìjọ jẹ́, ẹ̀gbọ́n òun yóò ní ìwé náà kò tilẹ̀ wúlò fún òun, ọ̀nà yóò sì dí pátápátá.

Ó ṣí àpótí kó lè mú àlùmọ́gàjí. Téèpù bàbá wà lábẹ́ rẹ̀. Ìrántí ló fi ń tọ́jú rẹ̀, kò fi ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó nà án, ó rí i pé íǹṣì méjì àkọ́kọ́ kò sí lára rẹ̀. Ó wá rántí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó orí téèpù náà. Bàbá gé ibi tó jóná kúrò, ó ní òun kò ní torí íǹṣì méjì ra òmíràn. Láti ọjọ́ náà, orí nọ́ńbà méjì ni téèpù náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbogbo ìwọ̀n tó ń kọ sínú ìwé ló fi íǹṣì méjì ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ẹni tó bá ní téèpù yẹn lọ́wọ́, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ó fi téèpù bàbá wọn aṣọ mìíràn, ó gé e, ó rán an. Ephraim wọ̀ ọ́, ó gbé apá sókè, ó gbé e sílẹ̀. "Èyí mọ̀ mí," ló wí.

Patience sọ bó ṣe rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ti ìwé yìí mọ́lé, àṣé kò lè dá rán ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni."

"Téèpù bàbá pẹ̀lú kò lè dá rán an. Irinṣẹ́ ni ìwé yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìwé ilẹ̀."

"Tó bá jẹ́ irinṣẹ́, ti ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni. A ṣì í pín lọ́jọ́ náà." Lẹ́yìn náà ló ní òun kò ní fi rán awakọ̀ kankan, òun fúnra òun ni yóò gbé e wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, ni Olúgbénga ń bọ̀ láti Kàbà pẹ̀lú ìwé náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àwọn akọrin yóò wọ ẹ̀wù tuntun wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì.