Ohùn mi lọ sí ìpàdé, ó fi mí sílẹ̀ nílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohùn mi kọjá níwájú ilé mi lónìí, kò tiẹ̀ yà kí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá làwọn olóṣèlú wa ní Kàbà ní kí n fi Owé, èdè ìlú wa, pe àwọn obìnrin sí ìpàdé ìpolongo. Wọ́n gba ohùn mi sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wá gbé mi lónìí, pé iwájú ni màá jókòó.

Àtàárọ̀ ni mo ti wé gèlè. Mi ò rí ẹnikẹ́ni.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ara mi lójú títì: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jáde! A ò ní í fi ẹnì kankan sílẹ̀!" Ọkọ̀ ìpolongo ló ń bọ̀. Mo sáré dá a dúró.

"Okun o, màmá," ni awakọ̀ fi kí mi.

"Okun o. Ṣé èmi lẹ wá gbé?"

"Rárá o, a ò gbé èrò. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí ìyá yẹn ń sọ ni?"

"Èmi ni ìyá yẹn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà."

Ṣé kí n wá fẹsẹ̀ rìn lọ máa bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó? Mi ò lọ. Mo wọlé, mo jókòó. Mò ń gbọ́ ara mi lókèèrè, tí mò ń bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má jókòó sílé.

Gèlè ṣì wà lórí mi. Ẹ̀yin ará Kàbà, bí ohùn mi bá dé àdúgbò yín, ẹ bá mi kí i.