Ẹni Tí Ó Yẹ Kí Ó Pè Mí

"Mama, ẹ má ṣe dúró de ìjọ láti sọ fún yín pé ọ̀nà ò dára."

Obìnrin kan tí ó jẹ́ ará Du, abúlé kan lẹ́yìn ìlú Jos, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní èdè Hausa, nínú ilé wa ní àdúgbò Rantya, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Òun ni olórí àwọn ìyá ní ìjọ kékeré tí ìjọ Áńgílíkà wa dá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbé dankali wá, ọ̀dùnkún òyìnbó tí òun fúnra rẹ̀ gbìn, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò ní pẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ náà kí ó tó fẹnu kan omi tí mo gbé fún un. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ojú ló ń tì í. Nítorí ọmọ mi obìnrin ló ṣe wá, nítorí ohun tí ojú ọmọ náà rí lọ́nà Du lánàá ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí ó ti lọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti kúrò lọ́kàn mi, mo sì rí i pé bí n kò bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kò ní yé èmi alára.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dá mi lójú. Ìjọ wa tí ó wà láàárín ìlú Jos ti tóbi ju bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ lọ. Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìwakùsà tí ó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, bàbá mi sì wà lára wọn. Nígbà tí ó yá, ìsìn Yorùbá wà, ti Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Hausa wà, ìsìn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ sì ń dúró de Fíkà, àlùfáà tí ó jẹ́ olórí ìjọ wa. Bí gílóòbù bá jó, Fíkà. Bí àwọn ará Du bá ń fẹ́ ẹni tí yóò máa wá ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún wọn, Fíkà. Kí ó tó kan ọ̀rọ̀ tiwọn, òjò á ti wó ògiri tí wọ́n ń mọ.

Ìdí nìyí tí Fíkà fi gbé ètò tuntun wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò. Wọn yóò pín ìjọ sí àgbègbè. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan yóò ní olórí àti ìgbìmọ̀ kékeré tí ó lè dá ìpinnu ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni láàárín ìlú. Àwọn ìgbìmọ̀ ìsìn Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa yóò túká. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Hausa dáadáa yóò máa lọ ran àwọn ìjọ tuntun lọ́wọ́. Ó ya gbogbo rẹ̀ sí ojú pátákó, ilé kéékèèké tí ìlà so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó wù mí. Mo kàn fẹ́ béèrè nípa ìlà tí ó wà láàárín Du àti àwa, nítorí kò ní orí ọfà, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan, Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ti dìde.

"Ẹ̀yin ìyá ńkọ́? Ṣé ẹ fọwọ́ sí i, àbí ẹ fẹ́ ká sùn síbí?"

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì nawọ́ sókè. Bàbá yìí náà ni wọ́n fi ṣe olórí àgbègbè tiwa, tí Rantya àti Du wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Jos ni mo bí i sí, Hausa ló sì fi ń ronú. Bí ó bá ń ka ẹ̀kọ́ ní ìsìn Yorùbá, ṣe ni yóò máa gbé ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń tẹ òkúta sọdá odò, àwọn ìyá á sì máa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Ìjẹ̀ṣà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ń pe ọbẹ̀ ní miya!" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó kàwé ní Du, mo tẹ̀lé e, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn pátápátá. Ilé ìjọ náà kò ní òrùlé nígbà náà, kò ní fèrèsé. Láti ibi tí mo wà mo ń wo ebè dankali àti igi oró ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko ká. Ọmọ mi ṣí Bíbélì Hausa, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ìyá arúgbó kan tí ó wà níwájú mi ń mi orí sí gbogbo ẹsẹ tí ó kà. N kò mọ èwo ni kí n ṣe, bóyá kí n yọ̀ ni tàbí kí n sunkún. Èdè tí mo fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ lé kúrò nínú ilé mi ni Ọlọ́run wá rí lò.

Ó ní òun á máa lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá rẹ̀, tí iṣẹ́ gbé lọ sí Gombe, ní kí n jẹ́ kó lọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí ilẹ̀ mọ́ kedere kí ó tó jáde, kí ó má gba ọ̀nà inú oko, kí ó sì pè mí ní kété tí ó bá débẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí Jos mọ̀ pé ilẹ̀ lè mọ́ ire, kí ìlú sì dàrú kí a tó mu kókó òwúrọ̀ tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ, èmi sì ń múra àtilọ sí ìsìn láàárín ìlú. N kò tíì wé gèlè tán tí fóònù mi fi dún.

"Mọ́mì, ba hanya."

"Báwo ni kò ṣe ní sí ọ̀nà? Níbo lo wà?"

"Wọ́n ń sun táyà ní oríta iwájú, àwọn kan ń sọ òkò. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní òun ò lọ mọ́. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn ín."

"Gbé fóònù fún un!"

Ọkùnrin náà gbà á, a sì ń sọ Hausa. "Mama, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti yí orí kẹ̀kẹ́ padà."

"Ẹ má jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ o!"

"Haba! Mo ti gba Bíbélì ọwọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi níwájú níbí ló wà. Ṣé ó lè fi í sílẹ̀ lọ ni?"

Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Inú ń bí ọmọ mi sí àwa méjèèjì. "Wọ́n ń dúró dè mí, Mọ́mì!" Mo ń fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo ń wo apá rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn tí ó ń sọ.

Kò sí ẹni tí ń dúró dè é. Ohun tí obìnrin ará Du náà wá sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Láti ìdájí ni wọ́n ti mọ̀ pé oríta náà ti bàjẹ́, wọ́n sì ti ní kí kálukú gbàdúrà nílé rẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ fún ìjọ?" mo bi í.

"A sọ fún olórí àgbègbè. Ètò tuntun ní òun ni ká máa sọ fún."

Bí ó ti lọ tán, mo pe Bàbá.

"Wọ́n pè mí, ìyàwó wa," ó ní. "Mo sì pe Fíkà lójú ẹsẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò pe èmi."

"Ṣé èmi ni mo rán ọmọ rẹ níṣẹ́ ni? Fíkà ló rán an. Mo sọ fún ẹni tó rán an."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Fíkà ní ọ́fíìsì. Ó dìde fún mi, ó tọrọ àforíjì kí n tó sọ̀rọ̀ délẹ̀.

"Mo rò pé Bàbá ti pè yín kó tó pè mí, mà. Ìdí tí a fi pín àgbègbè nìyẹn, kó má baà jẹ́ pé èmi ni màá máa pe gbogbo ènìyàn."

"Kí ló dé tó wá fi pè yín, sà?"

"Bóyá kí n lè mọ̀ ni." Ó wá bi mí pé, "Ta ló ń pè yín tẹ́lẹ̀, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀?"

Ìgbà náà ni mo rántí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìsìn Yorùbá ni. Obìnrin náà kì í lè pa nǹkan mọ́ra. Bí wọ́n bá pààrọ̀ orin kan ṣoṣo, yóò pe gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan; a tilẹ̀ máa ń sá fún ìpè rẹ̀. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti túká nísinsìnyí, èmi náà sì nawọ́ sí i.

Fíkà gbà pé ó yẹ kí a yan ẹnìkan. Ó ní òun yóò gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ńlá tí ó wà lórí gbogbo àgbègbè, ṣùgbọ́n ètò tuntun ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ńlá yóò máa jókòó, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tán ni.

Mo wá ẹni tí mo lè bínú sí, n kò rí. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún mi. Kálukú ṣe ohun tí ètò ní kí ó ṣe. N kò sì lè sọ pé kí a padà sí ti àtijọ́, nítorí láti ìgbà tí àgbègbè ti ń dá ìpinnu ṣe ni ilé ìjọ Du ti ní òrùlé, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, kí ọmọ mi tó wẹ̀, mo fúnra mi pe obìnrin ará Du náà. "Ọ̀nà dára, Mama. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀." Ọmọ mi lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni wọ́n ń rán. Àwọn ọmọ mìíràn ń lọ sí ìjọ tuntun mìíràn, àwọn ìyá wọn kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí wọ́n lè pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ìjọ yín bá ń ṣe irú àtúntò bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó nawọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti pe àwọn òbí ní òwúrọ̀ tí ọ̀nà kò bá dára, kí ọmọ tó jáde nílé. Kí wọ́n sọ ẹni náà fún gbogbo òbí.