Ikùn Akọ̀wé Dúgbẹ̀

Nígbà tí Olúdọ̀tun di akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Dúgbẹ̀, ikùn rẹ̀ ni gbogbo ẹbí fi ń yangàn. Orí àga ló máa ń wà láti òwúrọ̀. Bó bá délé, àga náà ni. Bọ́láwùmí ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gba oríyìn. “Ìyàwó wa mọ ọkọ tọ́jú,” ni Ìyá Yọ̀mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, máa ń wí.

Lọ́dún 1957, ikùn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ojú Ìyá Yọ̀mí yí padà.

“Ìyàwó, kí lò ń fún àbúrò mi jẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ́láwùmí wọra. Ó fi kún iyán, ó fi kún ẹran. Olúdọ̀tun ń jẹ ẹ́ tán, ó sì ń rù sí i. Bọ́láwùmí wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́: obìnrin mìíràn ni. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkùnrin yìí ti ń jáde, á sì padà wọlé pẹ̀lú òógùn. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tuntun á sì wà lára ògiri. Akọ̀wé wo ló ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, bí kì í bá ṣe pé kò fẹ́ kí wọ́n dá kẹ̀kẹ́ náà mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó da ìborùn borí, ó tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn títí dé Onírèké. Èébú ti pé sí i lẹ́nu, ó kàn ń retí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí ni. Ilẹ̀kùn kankan kò ṣí. Olúdọ̀tun yà sí pápá kan, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wo ọ̀tún wo òsì, ló bá mú eré. Odindi akọ̀wé àgbà ń sá yí pápá po!

“Bàbá Fọláyọ̀! Ta ló ń lé yín?” ni Bọ́láwùmí ké sí ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró bí olè tí ọwọ́ tẹ̀.

“Ìjókòó ni,” ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Dókítà kan ní Jẹ́ríkò ní ọ̀rá ti ń dí ọkàn mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa sáré, kí n sì dín oúnjẹ kù. Mò ń sáré. Oúnjẹ ni n kò lè dín. Bí mo bá ṣẹ́ iyán kù, ìwọ á ní mo ti jẹun níbòmíràn. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń dá sáré kiri, wọ́n á ní orí mi ti dàrú.”

Ojú ti Bọ́láwùmí, ẹ̀rù sì bà á. Nítorí orúkọ ara rẹ̀ ló ṣe ń rọ iyán sí ọkọ rẹ̀ nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Yọ̀mí wà níjókòó nígbà tí oúnjẹ délẹ̀. Olúdọ̀tun fẹ́ bu òkèlè. Bọ́láwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gé iyán náà sí méjì, ó sì bu ìdajì sínú àwo mìíràn.

“Mo ti mọ̀!” Ìyá Yọ̀mí fò dìde. “Lójú mi báyìí lo ti ń febi pa á!”

Olúdọ̀tun la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ sì mi orí fún un pé kó dákẹ́. Bọ́láwùmí kúnlẹ̀, ó bẹ Ìyá Yọ̀mí pé kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n kò dá iyán náà padà.