Àsíá Kan Nínú Méje

Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ní Ìtàmàgà, ní Ìkòròdú, ni mo ti jáde nílé, bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀ mi, bí ẹni pé bàtà dídán la fi ń kí ará abúlé. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ní kí n bá òun kí bàbá òun, alàgbà ìjọ ní abúlé apẹja kan lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Àádọ́jọ náírà ni ọkọ̀ ń gbà dé Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ lójú títì. Ní Agbówà mo ra àgbàdo sísè, ó gbóná débi pé ń ṣe ni mò ń gbé e láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì.

Bọ̀dá Tẹ́mi, apẹja kan ní abúlé náà, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi láti Ẹ̀pẹ́. Láàárín ọ̀sà, a kan ọ̀pá ọparun méje tí wọ́n rì yíká, àsíá funfun lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹja ń yé síbẹ̀, ọ̀gá," ló wí. "Bàbá ti gbàdúrà sí àwọn àsíá yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ títí Bàbá fúnra wọn á fi ṣí i."

Ẹnu yà mí. Ní ẹ́sítéètì tiwa, abẹ́ àkọlé "Ẹ má da ilẹ̀ síbí" gan-an la ń da ilẹ̀ sí.

Kò pẹ́ tí koríko orí omi fi há sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń yọ ọ́, ọkọ̀ sún mọ́ ọ̀pá kan. Mo ní àwọn ará ọ́fíìsì á fẹ́ rí irú èyí. Méje ṣáà ni. Kí ni ẹyọ kan máa bàjẹ́? Mo tú àsíá orí ọ̀pá náà, mo ká a sínú báàgì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ni Bàbá fi ṣe mí lálejò. A ò tíì fọwọ́ tán tí ariwo ayọ̀ fi sọ létí omi: "Wọ́n ti ṣí i o!"

Bàbá fò dìde. "Ta ló ṣí i?"

Kí a tó débẹ̀, àwọ̀n ti bo ojú omi. Àṣé àsíá kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń tú lọ́dọọdún. Àlàfo yẹn ni ilẹ̀kùn tó ń sọ fún wọn pé àkókò ìpẹja ti tó. Ẹja tí ì bá kún ọ̀sà lọ́dún tó ń bọ̀ ti wà nínú agbọ̀n.

Wọ́n gbé ọ̀bọ̀kún àkọ́kọ́ wá fún Bàbá, ikùn rẹ̀ yọ bẹ̀ǹbẹ̀, torí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ni wọ́n máa ń fún. Bàbá ní òun kọ́. Gbogbo ojú yí sí Bọ̀dá Tẹ́mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

"Mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Tẹ́mi, bó bá jẹ́ ìwọ ni, o ò ní ju àwọ̀n sómi yìí mọ́."

Ọkùnrin yẹn ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí n tó ṣí báàgì mi, kí n tó yọ àsíá náà jáde.

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Bí wọ́n bá bú mi ni, ara ì bá tù mí. Bàbá kàn na ẹja náà sí mi.

"Tìẹ ni. A kì í yí àṣà padà nítorí àlejò."

Títí mo fi dé Ìkòròdú ni mò ń rò ó pé aláìmọ̀ kọ́ ni mí. Wọ́n sọ fún mi, mo sì gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìyàwó mi la ikùn ẹja náà, ẹyin kún abọ́.

"Ẹ mà rajà o! Èló ni wọ́n tà á?"

"Wọ́n fún mi ni."

"Wọ́n mà ṣeun o. Ìgbà wo lẹ máa padà lọ dúpẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni o."

Mo jókòó, mo sì sọ ẹni tí ọlọ́ṣà náà jẹ́ fún un.