Ẹni Tó Bá Gbé Àpò Jẹ́sì Ló Ni Ẹgbẹ́

Bí o bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ sílẹ̀ níwájú Bàbá Jẹ́sì, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì sọ fún ọ bóyá ìyàwó rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀ nílé tàbí kò bá ọ sọ̀rọ̀. Bó bá ṣì í, kò ní gbà. Á ní ìbọ̀sẹ̀ ló purọ́.

Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi tí wọ́n fi ń gbé okùn aṣọ dúró. Bọ́ọ̀lù ló wá gbá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní eré tó ń sá lápá òsì pápá láyé ìgbà náà, òjìji rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dúró de òun. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ní ọmọ náà ò ní lọ sílé lófo, ó fi í sídìí aṣọ fífọ̀. Ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ ló ti hu ewú.

Abẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran ni yàrá ìfọṣọ rẹ̀ wà. Ọpọ́n sìmẹ́ńtì méjì ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ omi kan tó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó kó tó tu omi jáde. Bí góòlù bá wọlé tí èrò fò sókè lórí òrùlé rẹ̀, eruku á bọ́ sínú omi ọṣẹ, òun náà á sì mọ̀ pé ayọ̀ ti dé. Ó máa ń yí inú jẹ́sì síta kó tó fọ̀ ọ́, abíyá ló sì máa ń kọ́kọ́ gbo. Ó ní iwájú aṣọ a máa tan ni jẹ, abíyá kì í purọ́.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Bó bá di ọjọ́ ìdíje, ẹni tó ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wá gba àpò jẹ́sì lọ́wọ́ afọṣọ, tí yóò gbé e kọ́ èjìká gba iwájú èrò kọjá, títí dé yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bó ti wù kó lówó tó, kò gbọdọ̀ rán dírẹ́bà. Àwọn èrò á máa hó pé, “Ẹni tó gbé àpò ló ni wá!”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá. Alága ẹgbẹ́ ló ti ń gbé àpò náà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ó ti ta ẹgbẹ́ fún ọkùnrin kan tí kì í bọ́ kóòtù, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́ ní Oníkóòtù. Alága ní òun ò tà. Oníkóòtù ní òun ti rà. Kóòṣì ò mọ èwo nínú wọn ni òun yóò kí ní ọ̀gá mọ́. Nígbà tó yá, ó kúkú ń dojú kọ ògiri kí i.

Lọ́jọ́ Ajé, rédíò sọ ọ́ pé ara àwọn aláṣẹ líìgì ò gbà á mọ́. Bí wọn ò bá gbọ́ ohùn kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹni tó ni ẹgbẹ́ kí ìdíje ọjọ́ Sátidé tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò já ẹgbẹ́ náà sí ìpele ìsàlẹ̀. Ara bu Bàbá Jẹ́sì máṣọ. Ní ìpele ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí afọṣọ. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ń ká jẹ́sì rẹ̀ lọ sílé fún ìyá rẹ̀. Níbo wá ni àgbàlagbà tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn yóò wọlé sí?

Alága ló kọ́kọ́ dé sí yàrá ìfọṣọ. Ọjọ́rú lásán ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ.

“Bàbá Jẹ́sì, bàbá wa! Ẹ kú iṣẹ́ o. Àárò yín ló sọ mí.”

“Àárò mi? Lọ́jọ́rú?”

Alága wúkọ́. “Ẹ ṣáà gbọ́. Ní Sátidé, èmi nìkan ni kẹ́ ẹ gbé àpò fún. Kódà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ibí báyìí, kẹ́ ẹ lọ sinmi.”

“Alága, ẹni tó bá fún afọṣọ nísinmi, iṣẹ́ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Alága fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi nu iwájú orí. Bàbá Jẹ́sì tẹjú mọ́ ọn. Òógùn ń ṣàn lójú Alága bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ áńkáṣíìfù funfun báláú. Bàbá Jẹ́sì wí nínú ara rẹ̀ pé àṣé méjì ló wà lápò ọkùnrin yìí! Ẹni tó bá sì ní áńkáṣíìfù méjì, ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ kejì ni Oníkóòtù dé, tòun ti páálí bàtà tuntun.

“Bàbá, mo ní kí n fi èyí kí yín.”

“Ta ló sọ fún yín pé ìhòòhò lẹsẹ̀ mi wà?”

“Ẹ̀bùn lásán ni, Bàbá. Ẹ ṣáà rántí mi ní Sátidé.”

Bàbá Jẹ́sì ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàtà náà bá a mu rẹ́gí, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ẹ̀bùn lásán kì í mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni. Ta ló lọ sọ fún un? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó ro gbogbo ayé títí, kò rí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ òun àfi ìyàwó òun.

Pańsá ò fura, pańsá já. Àjà ò fura, àjà jìn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, tí jẹ́sì gbẹ, ó kó wọn sínú àpò, ó gbé e lọ sílé. Ó rọra kì í bọ inú àgbá ńlá tí kò lómi ní ẹ̀yìnkùlé, ó da àkísà bò ó, ó sì ń fò fẹ̀rẹ̀ wọlé bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bó ti rí páálí lábẹ́ àga, ó jókòó tì í.

“Bàbá àwọn ọmọ, bàtà ta nìyí?”

“Tèmi ni.”

“Ta ló fún yín?”

“Ṣebí o mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo kúkú sọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi fún un.”

“Èmi? Èmi tí mi ò rántí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara mi?”

“Ìwọ tó ò ń wọn gbogbo ayé kiri!”

“Àyà àti ìbàdí ni mò ń wọ̀n, ẹ má gbé ti ẹsẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn! Ẹ ti gba bàtà tán, ẹ wá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa dì í rù. Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Kí lẹ wá lọ ń ṣe nídìí àgbá?”

“Mo lọ wo aláńgbá.”

Wọ́n kẹ̀yìn síra wọn sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, ìyàwó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Jẹ́sì kó àkísà kúrò nínú àgbá, ó kó o, ó kó o, títí ó fi kan ìsàlẹ̀ àgbá. Kò sí àpò. Ó gba pápá lọ lọ́wọ́ òfo, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí ata ta sí lójú.

Alága àti Oníkóòtù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, oníkálukú ti yọ èjìká sílẹ̀ de àpò. Ọkùnrin líìgì kan, tó kúrú, tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, dúró láàárín wọn.

“Àpò dà?” Alága bèèrè.

“Ó ti lọ.”

“Ó lọ síbo? Ó lẹ́sẹ̀ ni?”

“Ẹ bi Alága,” Oníkóòtù ní. “Òun ló jí i.”

“Èmi? Ẹ bi ẹni tó ń pín bàtà kiri!”

Ọkùnrin líìgì wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó ni ín, kò wá tún ní aṣọ. Kí ni mò ń dúró ṣe? Bí àkókò bá tó tí mi ò rí aṣọ, tí mi ò gbọ́ ohùn kan, ó tán nìyẹn.”

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ aláńgbá sọ sí Bàbá Jẹ́sì lọ́kàn: ìyàwó rẹ̀ ti rí i nídìí àgbá. Òun, Alága àti Oníkóòtù kó sínú mọ́tò Oníkóòtù, ó di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Wọ́n bá ìyàwó Bàbá Jẹ́sì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jókòó gẹlẹtẹ lórí àpò jẹ́sì.

“Mo rí ọkọ mi tó ń yọ́ lọ sídìí àgbá,” ló sọ, kò gbójú sókè. “Mo ní ó fẹ́ gbé e fún oní-bàtà, ni mo bá gbé e sá.”

“Ìyá, ẹ gbé e fún mi,” Alága ní.

“Èmi lẹ máa gbé e fún,” Oníkóòtù ní.

“Ẹ̀yin méjèèjì? Ọkọ mi gan-an, mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e débẹ̀.”

Ó wọ mọ́tò, ó gbé àpò lé itan. Nígbà tí wọ́n dé pápá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń lọ. Àwọn èrò rí i. Ariwo sọ, wọ́n ní ẹyẹ tó wà lórí òrùlé kò padà wá mọ́ títí dòní.

“Ìyá Aránṣọ ló ra ẹgbẹ́! Ẹni tó gbé àpò ló ni wá!”

Ojú kọ́kọ́ ti ìyá náà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́.

Ọkùnrin líìgì sáré pàdé rẹ̀. “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́ yìí?”

Ó wo èrò, ó wo ọkọ rẹ̀. “Tí mo bá ní èmi ni ńkọ́?”

“Rárá o!” Alága àti Oníkóòtù figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. “Àwa la ni ín!”

“Àwa wo?”

Wọ́n wo ara wọn bí ológbò méjì tó jọ ká eku kan mọ́lé.

“Èmi àti òun,” Alága fi imú sọ ọ́.

“Òun àti èmi,” Oníkóòtù ní.

“Ohùn kan nìyẹn,” ọkùnrin líìgì wí kíá, kí wọ́n tó yí i padà. Ó ní ẹgbẹ́ ò ní jábọ́ mọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wọ pápá, àwọn yóò yọ póìǹtì mẹ́ta lára wọn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Jẹ́sì gbé àpò aṣọ ẹlẹ́gbin dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, ó bá àgádágodo tuntun méjì lára ilẹ̀kùn. Ọ̀kan jẹ́ ti Alága, ìkejì jẹ́ ti Oníkóòtù, nítorí pé kò sí èyí tó fọkàn tán ẹnì kejì rẹ̀. Kí afọṣọ tó rí omi lò, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dé.

Ó dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e. Alága dé, ó ṣí tirẹ̀. Oníkóòtù ò tíì dé. Oòrùn ń mú.

“Ṣé ẹ rò pé ó máa wá?” Alága bèèrè.

“Ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ni ẹgbẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀.”

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra sún mọ́ ọn lórí ìdúró, ojú rẹ̀ sì wà lára àpò. Bàbá Jẹ́sì fa àpò aṣọ ẹlẹ́gbin náà bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì há a mọ́lẹ̀.